Yíyí Díìsìkì Kọ̀ǹpútà Padà sí Ìlànà Tuntun Láìpa Fáìlì Rẹ́

Ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows 10 kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ń tàn, ó ń tẹ ìwé, ó sì ń wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni pé àtúnṣe oṣooṣù tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì lè gbà wọlé kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn mọ́. Àfikún àkókò tí wọ́n fún àwọn aládàáni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ kò sì kọjá ọjọ́ 13, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2026.

Èyí ni ó mú kí àwọn ènìyàn máa gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà pé kí ó bá àwọn fi Windows 11 sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti máa ń jẹyọ: “Díìsìkì yín ti àtijọ́ ni. A ní láti pa gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí Windows 11 tó lè wọ̀ ọ́.” Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, olùkọ́ tí èsì ìdánwò ọdún púpọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí fọ́tò òbí rẹ̀ tí ó ti dolóògbé wà níbẹ̀, yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni tó.

Apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Apá kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé Windows 11 ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó ń tàn lọ́nà tuntun, ọ̀nà tuntun náà sì ń fẹ́ kí a pín díìsìkì ní ìlànà tuntun. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí a pa fáìlì kankan rẹ́. Irinṣẹ́ tí ó ń ṣe ìyípadà náà ti wà nínú Windows 10 fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀dà 1703 ti jáde ní oṣù Igbe, ọdún 2017. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ rẹ̀ ni mbr2gpt.

Ìwé ilẹ̀ ni à ń yí, kì í ṣe ilé

Ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀ rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Díìsìkì kọ̀ǹpútà dà bí ilẹ̀ gbalasa kan. Kí a tó kọ́ ohunkóhun sórí rẹ̀, a ní láti wọ̀n ọ́n, kí a pín in, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé láti ibí dé ibí ni ìpín àkọ́kọ́, láti ibí dé ọ̀hún ni ìkejì. Ìwé yìí nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí ìpín kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Bí ìwé náà bá bàjẹ́, ilé ṣì wà lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ààlà mọ́.

MBR ni orúkọ ìwé ti àtijọ́. Ọdún 1983 ni ó jáde, pẹ̀lú PC DOS 2.0, fún kọ̀ǹpútà IBM PC XT tí díìsìkì inú rẹ̀ jẹ́ mẹgabáìtì 10 péré. Gbogbo ìwé náà kò ju báìtì 512 lọ. Báìtì 446 nínú rẹ̀ wà fún ètò kékeré tí ó ń jí kọ̀ǹpútà dìde, báìtì 64 wà fún àkọsílẹ̀ ìpín, báìtì 2 tí ó kù sì jẹ́ òǹtẹ̀ ìparí. Níwọ̀n bí àkọsílẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan ti ń gba báìtì 16, ìpín mẹ́rin péré ni àyè wà fún. Nọ́ńbà tí ó fi ń ka ilẹ̀ náà kúrú pẹ̀lú, débi pé lórí àwọn díìsìkì tí ó wọ́pọ̀, kò lè kà kọjá tẹ́ràbáìtì 2. Ẹni tí ó bá ra díìsìkì tẹ́ràbáìtì 4, tí ó sì fi MBR pín in, ìdajì rẹ̀ yóò di igbó tí kò sí ẹni tí ó lè dá oko sí. Lójú tiwa, àléébù tí ó burú jù ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ìwé náà ní, iwájú díìsìkì pátápátá ni ó sì wà.

GPT ni ìwé tuntun. Ilé-iṣẹ́ Intel ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá kan ìlànà EFI. Láti ọdún 2005 ni UEFI Forum, àjọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀, ti ń bójú tó o. Lábẹ́ Windows, ó gba ìpín 128. Ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan níwájú díìsìkì, èkejì ní ìparí rẹ̀. Nọ́ńbà ìṣàyẹ̀wò kan tún wà nínú rẹ̀: bí ìṣirò náà kò bá bára mu, kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ pé ìwé ti bàjẹ́, ó sì lè lọ wo ẹ̀dà kejì. Ohun kan tí ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín ni pé GPT ṣì ń fi MBR kékeré kan sílẹ̀ níwájú, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó sọ fún irinṣẹ́ àtijọ́ pé gbogbo ilẹ̀ yìí ti ní olówó. Ó dà bí àkọlé “Ilé yìí kì í ṣe títà” tí à ń rí lára ògiri káàkiri ìgboro.

Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tàn náà yí padà pẹ̀lú ìwé yìí. BIOS àtijọ́ kì í béèrè ẹni tí ń bọ̀. Ohun tí ó bá bá nínú báìtì 446 náà ni ó ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olè ni ó kọ ọ́ síbẹ̀. UEFI, tí ó rọ́pò BIOS, ń wá ìpín kékeré kan tí a yà sọ́tọ̀, níbi tí àwọn fáìlì tí ó ń jí Windows wà. Bí Secure Boot bá wà ní títàn, UEFI yóò yẹ òǹtẹ̀ àwọn fáìlì náà wò kí ó tó gbà wọ́n láyè. Ìdí nìyí tí Windows 11 fi ń béèrè UEFI. Windows tí ó bá sì máa tàn lọ́nà UEFI, orí díìsìkì GPT ni ó gbọ́dọ̀ wà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀kan ti fẹ́ èkejì.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín?

Ẹ di bọ́tìnì Windows mú, kí ẹ tẹ R, kí ẹ kọ msinfo32 sínú àpótí tí ó bá yọ, kí ẹ sì tẹ Enter. Ẹ wá ìlà tí a kọ “BIOS Mode” sí. Bí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ UEFI, díìsìkì tí Windows yín wà lórí rẹ̀ ti jẹ́ GPT, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín láti yí ohun tí ó ti yí. Bí ó bá jẹ́ Legacy, ẹ̀yin ni à ń bá sọ̀rọ̀.

Lójú ìwé kan náà, ẹ wo ìlà “Processor”. Windows 11 kò gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Nínú àwọn tí ó ń lo Intel, ìran kẹjọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2017, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn tí Microsoft fọwọ́ sí. Bí ẹ bá rí i5-8250U, fún àpẹẹrẹ, 8 tí ó tẹ̀lé àmì ìdábùú náà ni ìran rẹ̀. Windows 11 tún ń fẹ́ TPM 2.0, RAM tí kò dín ní gígábáìtì 4, àti díìsìkì tí kò dín ní gígábáìtì 64. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí Microsoft ń pè ní PC Health Check yóò bá yín yẹ gbogbo èyí wò lẹ́ẹ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà yín bá dàgbà ju èyí lọ, yíyí díìsìkì padà nìkan kò ní sọ ọ́ di ti Windows 11, kò sì sí ìdí láti fi fáìlì yín wewu.

Àwọn tí irinṣẹ́ yìí wúlò fún jù ni àwọn tí ó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu kí ènìyàn ra kọ̀ǹpútà ọdún 2018 tàbí 2019, tí ara rẹ̀ tó fún Windows 11 dáadáa, ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ìsọ̀ kan ládùúgbò, kí ó sì rí Legacy níbi tí ó yẹ kí UEFI wà. Ẹ̀rọ náà kọ́ ni ó ti di àtijọ́. Ẹni tí ó fi Windows sí i kí wọ́n tó tà á ni ó lo ọ̀nà àtijọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì yín tí ó ṣe pàtàkì sórí fláàṣì tàbí díìsìkì mìíràn. Àwa tí a sọ pé ìyípadà náà kì í pa fáìlì rẹ́ náà ni a tún ń sọ èyí, nítorí pé ìwé tí gbogbo ìpín gbára lé ni à ń tún kọ, díìsìkì tí ó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ sì lè yàn láti kú lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà tán, ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ ṣí fáìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn ti gbọ́kàn lé fláàṣì tí kò ní nǹkankan nínú.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó kàn. Iṣẹ́ náà kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ni à ń pa ìwé àtijọ́ tì tí a sì ń kọ tuntun. Bí iná bá lọ lẹ́nu rẹ̀, kọ̀ǹpútà lè wà láìní ìwé kankan tí ó pé. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ kún, kí ẹ sì fi sí ẹnu iná pẹ̀lú. Bátìrì tòkunbọ̀ mìíràn wà tí ó ń kọ 80 síta, tí yóò sì kú bí a bá ti yọ okùn iná. Ẹ dán tiyín wò ṣáájú. Ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì gbọ́dọ̀ so ó mọ́ UPS tàbí ìnfátà. Jẹnẹrétọ̀ tí epo rẹ̀ kù díẹ̀ kò tó, bẹ́ẹ̀ ni kò tó pé iná kò tíì lọ láti àárọ̀.

Ohun kẹta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé. Ẹ tún kọ̀ǹpútà náà tàn, kí ẹ sì wọ inú ojú-ewé ètò rẹ̀ kí Windows tó dé. Lórí HP, Esc ni ẹ ó máa tẹ̀, lẹ́yìn náà F10. Lórí Dell àti Acer, F2. Lórí ThinkPad ti Lenovo, F1. Ẹ rí i dájú pé UEFI wà lára ohun tí ẹ lè yàn níbẹ̀, kí ẹ má sì tíì yàn án. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ti ọ́fíìsì òkè òkun wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tí ó tà á fún yín pàápàá kò mọ̀. Bí ẹ kò bá lè wọ ibẹ̀, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn ìyípadà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti parí.

Bí BitLocker bá wà lórí díìsìkì yín, ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ láti inú Control Panel, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìgbàpadà rẹ̀, tí ó jẹ́ eéjì-dín-láàádọ́ta ní iye, sínú ìwé.

Ìyípadà náà gan-an

Ẹ tẹ Start, ẹ kọ cmd, kí ẹ tẹ apá ọ̀tún asin lórí Command Prompt, kí ẹ sì yan “Run as administrator”. Bí díìsìkì kan ṣoṣo bá wà nínú kọ̀ǹpútà, 0 ni nọ́ńbà rẹ̀. Bí ó bá ju ọ̀kan lọ, ẹ ṣí diskmgmt.msc kí ẹ wo nọ́ńbà èyí tí C: wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì yọ gbogbo fláàṣì. Àṣẹ àkọ́kọ́ kì í yí ohunkóhun padà. Ó kàn ń yẹ díìsìkì wò ni:

mbr2gpt /validate /disk:0 /allowFullOS

Bí ó bá dáhùn pé “Validation completed successfully”, ẹ lè tẹ̀síwájú. Bí ó bá kọ̀, ohun tí ó wọ́pọ̀ ni pé ìpín tí ó wà lórí díìsìkì ti pé mẹ́rin, nígbà tí irinṣẹ́ náà kò gbà ju mẹ́ta lọ, nítorí pé ó nílò àyè fún ìpín kékeré ti UEFI. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó pín díìsìkì náà dá ìpín sínú ìpín, irú èyí tí Windows ń pè ní “logical”; D: ni irú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ẹ kó ohun tí ó wà nínú D: kúrò, kí ẹ tó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ìpín kékeré kan tí a kọ “System Reserved” sí lè dà bí ohun tí kò wúlò, bẹ́ẹ̀ láti inú rẹ̀ ni Windows yín ti ń jí. Ẹ má ṣe yọ ọ́.

Nígbà tí àyẹ̀wò bá ti yọrí sí rere, àṣẹ kejì nìyí:

mbr2gpt /convert /disk:0 /allowFullOS

Bí kò bá sí ìpín tí ó lè tún lò, yóò gé nǹkan bíi mẹgabáìtì 100 kúrò lára C: lórí díìsìkì tí ó wọ́pọ̀, yóò fi í dá ìpín ti UEFI, yóò kó àwọn fáìlì tí ó ń jí Windows síbẹ̀, yóò sì kọ ìwé GPT sí iwájú àti ìparí díìsìkì. Ìwé yín, fọ́tò yín àti àwọn ètò tí ẹ ti fi sórí kọ̀ǹpútà wà níbi tí wọ́n wà.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí ọ̀rọ̀ “a ní láti pa á rẹ́” ti wá. Irinṣẹ́ mìíràn tí ó dàgbà jùyí lọ wà, orúkọ rẹ̀ ni diskpart. Òun náà ní àṣẹ “convert gpt”, ṣùgbọ́n kì í gba díìsìkì tí ìpín wà lórí rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ ṣe máa ń kọ “clean” ṣáájú rẹ̀, “clean” yìí gan-an ni ó sì ń fa ìwé ilẹ̀ ya. Ọ̀nà náà dára fún díìsìkì tuntun tí kò sí nǹkankan lórí rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ṣáájú ọdún 2017 lè má mọ ọ̀nà mìíràn, kò sì túmọ̀ sí pé ó fẹ́ ṣe yín ní ibi. Kí ẹ tó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè: mbr2gpt ni ẹ fẹ́ lò ni, àbí diskpart?

Ojú dúdú kì í ṣe ikú

Ibí ni ọ̀pọ̀ fáìlì ti ń ṣòfò lásán. Lẹ́yìn ìyípadà, Windows kò lè tàn lọ́nà Legacy mọ́. Bí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn láìyí ètò rẹ̀ padà sí UEFI, ojú dúdú ni ẹ ó rí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ funfun kan tí ó ń sọ pé kò rí díìsìkì tí ó lè tàn láti orí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀dí yóò gbà pé gbogbo rẹ̀ ti parí, yóò sì ní kí wọ́n wá fi Windows tuntun sí i. Bẹ́ẹ̀ gbogbo fáìlì wà lórí díìsìkì láìfarapa. Ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà ṣì ń kàn, nígbà tí ẹnu ọ̀nà tuntun wà ní ṣíṣí.

Ẹ padà sí ojú-ewé ètò tí ẹ ti wọ̀ ṣáájú. Ẹ wá ibi tí a kọ “Boot Mode”, “Legacy” tàbí “CSM” sí, kí ẹ yí i sí UEFI. Bí ó bá ní kí ẹ yan ohun tí yóò kọ́kọ́ tàn, ẹ yan “Windows Boot Manager”. Ẹ tọ́jú ètò náà, lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà F10 ni, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tún ara rẹ̀ tàn. Ẹ jẹ́ kí Windows 10 kọ́kọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó padà lọ tan Secure Boot, kí ẹ lè mọ ohun tí ó fà á bí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀. Mbr2gpt kò ní àṣẹ tí ó ń dá GPT padà sí MBR, nítorí náà ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò láti wá a.

Bí Windows bá ti wọlé, ẹ tún ṣí msinfo32. UEFI ni ó yẹ kí ó wà níwájú “BIOS Mode” báyìí. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí ti ìṣáájú, kí ẹ kọ reagentc /info. Bí ó bá sọ pé “Disabled”, ẹ kọ reagentc /enable, kí ọ̀nà ìtúnṣe pàjáwìrì Windows lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó dá BitLocker dúró yóò tún un tàn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ lè gba Windows 11 lọ́fẹ̀ẹ́ láti inú Windows Update tàbí láti ojú-òpó Microsoft fúnra rẹ̀, bí Windows 10 yín bá jẹ́ ojúlówó. Ẹ má ṣe gba ẹ̀dà tí a kò mọ orísun rẹ̀ láti orí fláàṣì ẹlòmíràn.

Díìsìkì ìta tí ẹ kàn ń kó fáìlì sí kò nílò gbogbo wàhálà yìí. Bí kò bá ju tẹ́ràbáìtì 2 lọ, MBR tó fún un, mbr2gpt kò sì sí fún irú rẹ̀. Ní ti ẹ̀dà tí ẹ ṣe kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe pa á rẹ́ títí Windows 11 yóò fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹ ó sì ti ṣí gbogbo ìwé tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ wò.